Díẹ̀ ló kù kí n pín fídíò yẹn
Lálẹ́ àná, mo rí fídíò ọmọ ìnàkí (chimpanzee) kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún, tó ń fi eyín hàn bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ kí n pín in fáwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo rántí pé ìnàkí tó bá ká ètè sókè tí eyín rẹ̀ hàn gbangba báyẹn, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo tún un wò. Ṣe ni ọwọ́ ọmọ náà ń wá ohun tí yóò dì mú. Nínú igbó, ara ìyá rẹ̀ ni ì bá dì mọ́, nítorí wọ́n máa ń mu ọmú tó ọdún 4 sí 5. Àwọn ọdẹ sì sábà máa ń pa ìyá kí wọ́n tó rí ọmọ gbé. Ìyá eléyìí wá ńkọ́?

Irú ẹranko tí Jane Goodall, onímọ̀ nípa ìnàkí, rí ní Gombe, ní Tànsáníà, lọ́dún 1960, tó ń fi koríko fa ikán jáde nínú ilé wọn (èmi alára ò lè ṣe é), òun ni wọ́n sọ di ọmọláńgidi yìí.

Mo fẹjọ́ fídíò náà sùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti le jù. Bóyá.