Ọdún mélòó ló kù kí epo rọ̀bì tán?

Lọ́dọọdún tí NUPRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fífa epo ní Nàìjíríà, bá ti kéde iye epo tó wà nílẹ̀ wa, àwọn oníròyìn á gbé e pé epo Nàìjíríà ku ọdún báyìí-báyìí. Ti 2025 jẹ́ ọdún 64. Àwọn kan á máa yọ̀ pé ọmọ-ọmọ àwọn ṣì máa bá a, àwọn mìíràn á máa kọminú. Ohun kan náà ló ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà: wọ́n rò pé ọjọ́ tí epo máa gbẹ ni 64 yẹn ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí pé ẹnì kan kì í jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fáráàlú, nítorí orí epo yìí ni ìṣúná ilẹ̀ wa jókòó lé.

Ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, epo rọ̀bì àti kọ́ńdẹ́ńséètì (epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bá gáàsì jáde) tí wọ́n kà sílẹ̀ jẹ́ àgbá bílíọ̀nù 37.28. Ká ní à ń fa àgbá mílíọ̀nù 1.6 lójúmọ́, ìlọ́po 365 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 584 lọ́dún. Ẹ wá pín 37,280 sí ọ̀nà 584. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni 63.8. Ibẹ̀ ni 64 ti wá.

Ẹ má tíì pa fóònù yẹn. Ẹ fi mílíọ̀nù 2.5 lójúmọ́ rọ́pò 1.6, èyí tó sún mọ́ ohun tí à ń fà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ọdún 64 á já wálẹ̀ sí 41. Ó tún ku ọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí olè àti ọ̀pá epo tó bẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró, epo rọ̀bì wa láìka kọ́ńdẹ́ńséètì kò ju nǹkan bí 938,000 àgbá lójúmọ́ lọ. Ẹ fi ìyẹn pín nǹkan bíi bílíọ̀nù 31 tó jẹ́ epo rọ̀bì nìkan nínú 37 yẹn: ó ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ! Olè ń gbé epo lọ, owó ń bọ́ mọ́ ìjọba lọ́wọ́, síbẹ̀ “ọdún tó kù” ń gùn sí i. Ẹni tó bá ń fi gígùn ọdún yìí yangàn ń fi àìríṣẹ́ṣe yangàn ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún gbogbo ayé. Nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún tí BP, ilé iṣẹ́ epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe nígbà náà, epo tó wà nílẹ̀ lágbàáyé nígbà tí 2019 parí jẹ́ àgbá bílíọ̀nù 1,734, ọdún tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 50. Nígbà tí 2020 parí, epo ti dín sí 1,732, ṣùgbọ́n ọdún ti lé sí 53.5. Kòrónà ló sé ayé mọ́lé, tí ọkọ̀ òfuurufú dúró, tí wọn ò sì fa epo tó ti tẹ́lẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń kà gan-an? Wọn kì í ka gbogbo epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Kí àgbá epo kan tó wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí èyí tó dájú, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí i, irinṣẹ́ tó wà lónìí gbọ́dọ̀ lè gbé e jáde, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa èrè, ìdánilójú sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 90 nínú 100. Èyí tí ìdánilójú rẹ̀ jẹ́ 50 wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, èyí tó jẹ́ 10 náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lè mú iye epo orílẹ̀-èdè kan wú lójú bébà láìgbẹ́ kànga kankan.

Epo rọ̀bì kì í ṣe adágún tó sùn sábẹ́ ilẹ̀. Inú ihò wínníwínní ara yanrìn tó ti di òkúta ló há sí. Ẹni tó bá ti débi tí wọ́n ti ń fún epo pupa rí á tètè yé: bó ti wù kí ẹ fún ìhá tó, epo ò ní tán lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yára gbiná. Òkúta náà kì í jọ̀wọ́ gbogbo epo rẹ̀. Tí a bá kárí ayé, nínú 100 àgbá tó wà nínú òkúta, nǹkan bí 35 ló ń jáde. Níbẹ̀rẹ̀, gáàsì àti omi tó wà nísàlẹ̀ ló ń ti epo sókè fúnra wọn. Tó bá yá, agbára yẹn á rọ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo jáde, wọ́n á sì máa fún omi tàbí gáàsì wọlẹ̀ láti inú kànga mìíràn kó lè máa tì í. Tó bá pẹ́, kànga lè máa gbé àgbá omi mẹ́sàn-án wá fún àgbá epo kan ṣoṣo. Owó yíya omi kúrò lára epo á borí èrè, wọ́n á sì fi sìmẹ́ńtì dí i. Epo ṣì ń bẹ nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dí i o.

Owó náà lè pa kànga. Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà sí Badagry: pápá epo Sèmè, nínú òkun Orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo níbẹ̀ ní 1982, wọ́n sì pa á tì ní 1998, ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lágbàáyé. Owó tún lè sọ ohun tí kì í ṣe epo tẹ́lẹ̀ di epo. Nígbà tí ọdún 2003 ń wọlé, ìwé Oil & Gas Journal gbé iye epo Kánádà láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 lọ sí 180 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó yí padà lábẹ́ ilẹ̀ Kánádà. Yanrìn tó kún fún ọ̀dà ni wọ́n gbà báyìí pé ó ń pa èrè. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ wà ní Agbabu ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì gba ilẹ̀ Ògùn àti Èkó kọjá. Ní 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wá epo ní agbègbè wa.

Òṣèlú náà ń wọ̀ ọ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iye tí kálukú lè fà, tí ẹni tí epo rẹ̀ pọ̀ lójú ìwé sì lè béèrè ìpín tó pọ̀, Kúwéètì gbé iye epo tó ní nílẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 67 sí 92, Sàúdí Arébíà sì fò láti 170 sí 255. Mi ò fọkàn tán irú ìfòsókè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn ò kéde pápá tuntun tó lè gbé e.

Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni bí epo ṣe ń ṣàn. Pápá tó ti kọjá góńgó rẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdá 5 sí 6 nínú 100 lọ́dún. Ká mú 6. Pápá tó ń mú 100,000 àgbá wá lójúmọ́ á di 94,000 lẹ́yìn ọdún kan, 88,360 lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tó bá fi máa pé ọdún 11, ó ti di ìdajì. Kànga inú òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ ní Amẹ́ríkà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè pàdánù ju ìdajì lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Síbẹ̀ òun ló gbé Amẹ́ríkà kọjá mílíọ̀nù 13 lójúmọ́ ní 2024, lẹ́yìn tí góńgó 1970 tí M. King Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ti sọ tẹ́lẹ̀ láti 1956 ti wá, tó sì ti lọ. Gbígbẹ́ ni, gbígbẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ìṣàn á sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń rà á, ayé ń lo ju mílíọ̀nù 100 àgbá lọ lójúmọ́, àgbá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lítà 159. OPEC ní á lé ní 120 kí 2050 tó dé. IEA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa epo àti iná, sọ ní 2024 pé kò ní pẹ́ kó tó dẹ́kun gígòkè, kí 2030 tó dé. Nǹkan bí ìdajì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n tà ní Ṣáínà lọ́dún 2024 ló ń lo iná mànàmáná, ní Nọ́wè ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ike kò tíì rí àrọ́pò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pa ọdún 64 tì, kí ẹ máa wo iye ojúmọ́ tí NUPRC ń gbé jáde lóṣooṣù, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìṣúná. Ìṣúná 2025 gbà pé a máa fa mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́, ní dọ́là 75 fún àgbá kan. Tó bá jẹ́ 1.6 yẹn là ń rí fà, 460,000 àgbá ló dín. Ìlọ́po 75 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 34.5 lójoojúmọ́ tí kò wọlé, kódà ká yọ ìpín àwọn ilé iṣẹ́ epo kúrò níbẹ̀, owó ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ṣì pọ̀ nínú èyí tó kù.