Ẹ̀rọ agbẹ́gi kékeré: kí ẹ má baà ba pákó jẹ́ bíi tèmi

Ọjọ́ tí mo ba pákó ọ̀gànwó kan jẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi ò lójú. Ìyá kan níbí ní Ìbàdàn ló ní kí n bá àwọn gbẹ́ ILÉ AYỌ̀ sára pákó, kí àwọn lè kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tuntun. Mo lọ sí ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, mo ṣa èyí tó gbẹ dáadáa, mo fá a títí tó fi ń dán. Irú kékeré tí wọ́n ń pè ní 3018 ni ẹ̀rọ mi, èyí tó máa ń wá nínú páálí, tí èèyàn á jókòó tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn: ibi tó lè gbẹ́ kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gígùn, 18 ní fífẹ̀.

Ó gbẹ́ ILÉ, ó gbẹ́ A, ó wọ Y, wọ́n mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà mi ò kú, ó ní bátìrì. Ẹ̀rọ ló kú. Nígbà tí iná dé, mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀, mo rò pé á padà sórí ILÉ, á kàn gba ojú ipa tó ti gbẹ́ kọjá. Orí Y ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbẹ́ I gba àárín Y já kí n tó sáré fa wáyà yọ.

Mọ́tò ẹ̀rọ yìí kì í wo pákó, ìṣísẹ̀ ló ń kà. Ẹ ó gbé e dúró síbì kan, ẹ ó sọ fún un pé òdo nìyí, á máa kà láti ibẹ̀. Iná lọ, ó gbàgbé. Bó bá tún jí, ibi tó bá ara rẹ̀ ló ń pè ní òdo. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ní swíìṣì ní ìgun tí wọ́n máa ń lọ fara kàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo rà ò ní. Ní báyìí, mo ti kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ pákó ìsàlẹ̀, wọ́n pàdé ní ìgun kan. Pákó yòówù kí n gbé wá, ìgun yẹn ni mo ń tì í mọ́, ibẹ̀ náà ni òdo mi. Ti òkè sí ìsàlẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń fi ìwé pélébé kan sáàárín pákó àti ẹnu bíìtì, ìyẹn irin mímú tó ń gbẹ́ igi, mo ń sọ bíìtì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìwé á fi máa há bí mo bá fà á. Mi ò sì gbára lé iná ìjọba mọ́. Orí ínfátà ni ẹ̀rọ ń wà látìbẹ̀rẹ̀, torí kí iná kàn ṣẹ́jú lásán ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ má sì lò ó bí ẹ ṣe ń lo ráútà ọlọ́wọ́, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí èèyàn ń fọwọ́ dì mú. Mọ́tò rẹ̀ kéré. Ìdajì mìlímítà ni mo ń jẹ́ kó bù lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀gànwó, ó ń pẹ́, ẹ lè jẹun tán kó má tíì parí. Arère rọ̀, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Ìrókò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ ò sì ní rí i lójú pákó. Ọmọ iṣẹ́ mi ló pariwo, "Ọ̀gá, ó ti ń han o!" Kí n tó dé ibẹ̀, bíìtì ti kán. Eruku ìrókò náà ń ta ni nímú burúkú, ẹ wọ ìbòmú.

Ní ti pákó kejì, iná ò lọ. Mo fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, mo kùn ún, mo gbé e lọ. Ìyá wò ó, wọ́n wò mí.

"Káfíńtà, ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò ni mo kọ́ ni?"

ILE AYO ló wà níbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo àmì ló pé. Àmọ́ bíìtì tí mo lò fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, àwọn àmì náà ò sì fẹ̀ tó 2. Ibi tí bíìtì ò bá lè wọ̀, kọ̀ǹpútà á fò ó, kò ní bi yín. Bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo ń lò fún àmì báyìí, mo sì ń wo ipa tí bíìtì máa tọ̀, kì í ṣe lẹ́tà nìkan, kí n tó tẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo fóǹtì yín náà, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ yàn lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà É pọ̀ nínú wọn torí àwọn Faransé ń lò ó. Ọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ ọ́n gbé, àmì orí rẹ̀ á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí. Noto Sans gbé e dáadáa. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán nínú Inkscape, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlà kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Mi ò gbẹ́ pákó kẹta. Mo padà lọ gbé ọ̀bẹ wá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo fọwọ́ gbẹ́ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá gbé àga tiwọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì ń ṣọ́ ọwọ́ mi títí mo fi kan èyí tó wà lábẹ́ Ọ.