Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Ìgbín Sísìn: Ẹyin Ni Kí Ẹ Mójú Tó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà nínú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo mọ̀ pé àwọn ẹbí yóò fi yín rẹ́rìn-ín pé ohun tí a ń sè jẹ nílé ni ẹ sọ di ohun ọ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ìgbín kì í pariwo, kò sì béèrè ju ike fífẹ̀ kan, ilẹ̀ tútù àti oúnjẹ alẹ́ lọ. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ, nítorí pé kò pẹ́ tí yóò fi rí i pé bí ìgbín ṣe ń bí sí i ló le ju bí a ṣe ń bọ́ ọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata, ní ìkarahun tí orí rẹ̀ rí roboto, ìwọ̀nba ẹyin ńláńlá tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè gbà ló sì máa ń yé. Lissachatina fulica, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ìkarahun tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì lè yé ẹyin 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún. Èyí kejì yìí ni ẹ óò rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín níbí. Àwọn mìíràn á fẹ́ Achatina achatina nítorí títóbi rẹ̀, torí pé ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n kó láti Sierra Leone ní 1976 wọn 900 gíráàmù. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin ju àwọn yòókù lọ, n kò sì ní gba ẹni tuntun nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn ló ní ẹ̀yà ara akọ àti ti abo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìgbín méjì yòówù tó bá ti dàgbà lè gun ara wọn. Èyí tó bá ti gùn á máa fi àtọ̀ pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyẹn tí ìgbín kan ṣoṣo tí ẹ rà fi lè yé ẹyin nínú ike tí kò sí ìkejì rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tú ilẹ̀ inú ike dé ìsàlẹ̀. Ẹyin tí ẹ kò bá fẹ́ kó pa, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dà á nù. Àwọn kan ka èyí sí ìkà. Lójú tèmi, ìkà ni kí ènìyàn jẹ́ kí igba ọmọ ìgbín jáde nínú ẹyin láìní ẹni tí yóò gbà wọ́n.

Ohun tó ń tẹ̀yìn àìbìkítà wá kò kéré. Ní 1966, ọmọkùnrin kan kó fulica mẹ́ta láti Hawaii wá sí Miami, ìyá àgbà rẹ̀ sì dà wọ́n sínú ọgbà. Láàárín ọdún méje, ó ti ju 18,000 tí wọ́n rí, ó sì ná ìpínlẹ̀ Florida tó mílíọ̀nù kan dọ́là kí wọ́n tó pa wọ́n tán. Ní 2011, wọ́n tún rí òmíràn níbẹ̀. Ní Brazil, àwọn tó kó o wọlé ní ẹ̀wádún 1980 fún títà ni wọ́n dà á sígbó nígbà tí ọjà kò yá. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà á láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ má fi ẹyin ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Níhìn-ín, a lè sìn ín, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ kà á léèwọ̀ láti tú u sílẹ̀ síta.

Ní ti ìtọ́jú, kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú ìkarahun le, ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìgbín tí kò rí kálísíọ̀mù jẹ a máa ha ìkarahun ẹlòmíràn jẹ. Èèpo ẹyin adìyẹ tí a lọ̀ kúnná dára. Ẹ má fi ohun amúgbóná oníná sábẹ́ ike, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi í sí, torí pé inú ilẹ̀ ni ìgbín ń sá lọ bí ooru bá mú un. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ yóò jí i. Ẹ má fa ìkarahun rẹ̀ nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ ike, ẹ fi omi yọ́ ọ kúrò. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, nítorí aràn tó ń ti ara eku wọ ìgbín.

Bí ẹ bá fi ẹyin díẹ̀ sílẹ̀ láti pa, ẹ má hú wọn. Àwọn ọmọ náà a kọ́kọ́ jẹ èèpo ẹyin tí wọ́n ti jáde, fún ọjọ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀, kí wọ́n tó yọ sókè wá oúnjẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ewé tútù tí kò ní oògùn kòkòrò síwájú wọn.