Waya Output yẹn, ibo ló ń lọ?

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fojú fo ìbínú tó bá ta sí i. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá, tí ẹ ń gbé preamp oní-tube tiyín kiri (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi tube, gíláàsì bíi gílóòbù, gbé ohùn gìtá ga) dípò odidi amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn gìtá lágbára dé sípíkà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ débi eré, amp ti wà nílẹ̀, ọ̀gá sáúńdì ti na waya rẹ̀ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ráyè gbọ́ àlàyé yín.

Mo sọ fún ọ̀gá náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Return tó wà lẹ́yìn amp ni kẹ́ ẹ ki waya mi bọ̀." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé gìtá kọ́ ni? Ihò gìtá rèé níwájú." Ó ki waya náà bọ Input. Mo tún un sọ, ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ gìtá dì mú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ó yẹ kí n bá a fà á. Èrò ti jókòó, olórí ẹgbẹ́ wa sì ti ń ka ọ̀kan, èjì.

Orin àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ohùn tútù ni mo fi ta á. Orin kejì ló ní ibi tí gìtá nìkan yóò ti sọ̀rọ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ swíìṣì kí channel olóhùn líle, ọ̀nà tó ń mú ohùn gìtá fọ́, lè wọlé. Kí n tó ta okùn kankan, ariwo kan kọ́kọ́ kùn bí agbo oyin, ó sì di súfèé tó ń gún etí. Mo tẹ́ ọwọ́ lé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò dákẹ́. Mo yí Treble wálẹ̀, súfèé náà kàn kúrò lókè, ó dé àárín. Mo tún yí Middle, ohùn gìtá mi rì, ariwo ò rì. Akọrin wa fi ọwọ́ kan dí etí, ó fi ìkejì di makirofóònù mú. Olórí ẹgbẹ́ ò tiẹ̀ wojú mi. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó kọ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ wálẹ̀, wálẹ̀. Ni ọ̀gá sáúńdì bá sáré gorí ìtàgé, ó yí Volume amp dé òdo.

Ṣé ẹ ti ta gìtá láìsí ohùn níwájú èrò rí? Ìka ń sáré, okùn ń ró tín-ín-rín lábẹ́ ọwọ́, ẹni tó jókòó níwájú á wo ìka yín, á wo ojú yín, á tún wo ìka. Ẹ ò lè dúró, ẹ ò sì lè lọ. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gba àyè mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn pé, "Nǹkan tó gbé wá yẹn ti bàjẹ́." Preamp mi ò bàjẹ́ o.

Nígbà ìsinmi, ẹni tó ń ta báàsì bá mi yọ waya náà, a wá ki waya bọ Return, ohùn sì mọ́. A parí eré. Ó tán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, kí ẹni tí ò ráyè ka ìyókù lè máa lọ: tí amp bá ti ní Return, ibẹ̀ ni kí Output preamp yín wọ̀. Apá méjì ni amp gìtá ní. Apá iwájú ń gba ohùn kékeré láti ara gìtá, ó ń gbé e ga, òun náà ló ń fi Bass àti Treble tún un ṣe. Apá ẹ̀yìn ló ń fún un lágbára tó lè mi sípíkà. Ihò Send ni apá iwájú parí sí, ihò Return ni apá ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Preamp tí ẹ gbé wá, apá iwájú ni òun náà. Tí ẹ bá ki Output rẹ̀ bọ Input, ẹ ti gbé apá iwájú gun apá iwájú nìyẹn: Gain lórí Gain, Treble lórí Treble, gbogbo ṣìì tí tube àkọ́kọ́ bá ṣe, tìkejì á tún gbé e ga. Output tó wà ní +4 dBu (dBu àti dBV jẹ́ ìwọ̀n bí ohùn inú waya ṣe lágbára tó) ń gbé nǹkan bíi fólítì 1.23 jáde, bẹ́ẹ̀ gìtá tí a rọra ta kì í mú ìdajì ìyẹn wá. Ihò tó ń retí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n pariwo sí.

Tí preamp yín bá ní swíìṣì kékeré tó ń yan +4 àti -10 lẹ́yìn, ẹ lò ó. Èyí tó jẹ́ -10 dBV kò ju nǹkan bíi fólítì 0.32 lọ. Bí Return bá ń fọ́ ohùn, -10 ni. Bí ohùn bá rọ̀ jù, ẹ lọ sí +4.

Ẹ kíyè sí i pé lórí ọ̀pọ̀ amp, bí ẹ bá ti gba Return wọlé, Gain àti Bass àti Treble ara amp ò níṣẹ́ mọ́. Nígbà míì Volume rẹ̀ náà kò ní ṣiṣẹ́. Master tó wà lórí preamp ló kù tó ń pàṣẹ. Ẹ fi Master sí òdo kí ẹ tó ki waya bọ̀, kí ẹ wá máa gbé e díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó fò sókè.

Tí amp ò bá ní Return rárá, Input náà ni ẹ ó lò, mi ò sọ pé ó di èèwọ̀. Ẹ fi amp sí channel tó mọ́, ẹ yí Gain rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, kí Master preamp náà má ga.

Ní ti Gain àti Master: Gain ń sọ bí ẹ ṣe ń ti tube tó, Master ń sọ iye tó ń jáde. Ariwo tí Gain bá bí, Treble kò lè pa á, èmi ni kí ẹ bi. Bass, Middle àti Treble inú ọ̀pọ̀ preamp oní-tube jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, bí ẹ bá yí ọ̀kan, àwọn yòókù á yí ìwà padà. Lórí àwọn tí wọ́n ṣe bíi ti Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá àti amp, tí ẹ bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé òdo, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Middle ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré tí ẹgbẹ́ bá pọ̀ lórí ìtàgé. Ibẹ̀ ni gìtá ti ń rí ọ̀nà gbà.

Ẹnì kan ti ní kí n lọ pààrọ̀ tube. Kí n pààrọ̀ kí ni? 12AX7 ló wà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní ECC83 ní Yúróòpù, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí tube bá ti ń gbé gbogbo ohun tó bá kàn án jáde bíi makirofóònù, tí ọwọ́ sì lè tó o láìtú ẹ̀rọ, ẹ rọra fi orí pẹ́ńsù kan ara rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ gbàn-ìn nínú sípíkà. Èyí tó bá bàjẹ́ á pariwo níbikíbi tí ẹ bá ki waya bọ̀. Tèmi dákẹ́ wẹ́rẹ́ nígbà tó dé Return. Ẹ má sì tú inú rẹ̀ wò: ọ̀pọ̀ wọn ní iná tó lé ní 200 fólítì nínú, àwọn kapásítọ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ẹ má so sípíkà mọ́ Output preamp, kò lágbára ẹ̀. Ẹ má fi waya sípíkà so ó mọ́ amp, torí kò ní àwọ̀n tó ń dí ariwo lọ́nà bíi ti waya gìtá. Tí ẹ bá ń gba XLR (ihò oníhò mẹ́ta bíi ti waya makirofóònù) lọ sínú míksà, ẹ ní kí wọ́n pa 48 fólítì orí ìlà yẹn, iná tí míksà ń fi ránṣẹ́ sí makirofóònù, àfi tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ pé ó gbà á, kí ẹ sì tan bọ́tìnnì tó ń ṣe bíi sípíkà. Tí ẹ bá wà lórí Return, ẹ pa bọ́tìnnì náà, sípíkà gidi ti wà níbẹ̀.

Tí ọ̀gá sáúńdì bá ṣì taku pé Input ni, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ méjèèjì kí èrò tó wọlé, Input ṣáájú, Return tẹ̀lé e, pẹ̀lú channel olóhùn líle tó ti wọlé. Ohùn tútù kò ní fi nǹkan kan hàn yín.