Ọdún Kan Ni Mo Fi Ń Sọ Pé "Ó Rẹ̀ Mí Ni"

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá pa ọkọ̀, màá wá jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé fún bíi wákàtí kan, ọwọ́ mi lórí sítíárì. N ò sunkún, n ò sùn. Bí wọ́n bá bi mí, "Ó rẹ̀ mí ni" ni mo máa ń sọ, àmọ́ ọkàn mi ló ń ṣàárẹ̀.

Láàárín àwa dúdú ní Amẹ́ríkà, àtàwa tá a ṣí wá àtàwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, ọkàn gírí ni wọ́n fi tọ́ wa. Wọ́n ní kí n gbàdúrà. Mo gbà á, mo ṣì ń gbà á, àmọ́ oorun ò padà. Ẹ̀rù dókítà ọpọlọ náà ò sì ṣàdédé wọlé sí wa lára. Lọ́dún 1851, dókítà kan tó ń jẹ́ Samuel Cartwright kọ ọ́ pé àìsàn ọpọlọ ló ń mú kí ẹrú sá lọ. Ọdún 2021 ni American Psychological Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó tọrọ àforíjì fún ipa tiwọn nínú ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìyá àgbà tó bá lóun ò fọkàn tán wọn, ẹ má pè é ní òpè.

Nígbà tí mo wá ìrànlọ́wọ́ níkẹyìn, olùtọ́jú ọkàn àkọ́kọ́ tí mo lọ bá, àlàyé ni mo ń ṣe fún un ṣáá: ìdí tí mo fi ń fowó ránṣẹ́ sílé, ìdí tí n ò fi lè ta ko ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo lọ. Obìnrin dúdú ni ẹnì kejì. Lọ́jọ́ tí mo sọ bí ọlọ́pàá ṣe dá mi dúró lóru, tó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọ mi lójú lẹ́yìn ọkọ̀, kò bi mí pé kí ni mo ṣe. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yín ò bá yé ẹni àkọ́kọ́, ẹ wá ẹlòmíì, kì í ṣe àrífín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti tọ́jú ẹni bíi tiyín rí. Bí owó ò bá sí, àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò kan wà tó jẹ́ pé bí owó tó ń wọlé fúnni bá ṣe mọ ni wọ́n ń gbà. Tí oúnjẹ àti oorun bá sá fún yín tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ. Oògùn tí wọ́n fún mi lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó ṣiṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n dà á nù. Tó bá sì jẹ́ ikú lọkàn yín ń rò, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn: ẹ pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú wàhálà, tàbí kẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru.