Ọmọlàńkẹ́ Àkànní

Ẹnu mi ló kó bá mi. Bàbá òyìnbó tí ilé wa jọ fara kanra ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ń palẹ̀ gáréèjì rẹ̀ mọ́, ó wá fa kẹ̀kẹ́ ológeere kan jáde, ó ní bàbá bàbá òun ló gùn ún. Ṣebí kí n kí i kú iṣẹ́ kí n wọlé lọ? Mo dúró, mo ní iṣẹ́ tí bàbá mi fi tọ́ mi nìyẹn, pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti ń lẹ̀ tíúbù kí n tó mọ ABD. Kíá ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun jí i dìde.

Ìgbà tí mo gbé e délé ni mo tó wò ó dáadáa. Igi ni ríìmù rẹ̀! Igi gidi, tí wọ́n tẹ̀ bí ara asẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Amẹ́ríkà ṣe rí láti nǹkan bí ọdún 1895 síwájú, kí irin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi. Táyà rẹ̀ kò ní tíúbù nínú. Táyà àti tíúbù ti di ara kan, ó rí gbọọrọ bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà. Ríìmù náà ò sì ní etí tó máa di nǹkan kan mú. Àtè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní shellac: oje tí kòkòrò kan ń yọ sára igi ní Íńdíà, tí wọ́n á fi sípírítì pò.

Mo ra táyà tuntun, ínṣì 28. Ríìmù náà, ínṣì 28. Ẹ ó rò pé ìkòkò rí ọmọrí rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni! Bí mo bá ti apá ọ̀tún wọlé, tòsì á ta jáde, á gbá mi lágbọ̀n. Mo lọ mú ṣíbí méjì ní kíṣíìnì, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Ṣíbí kìíní ha igi náà lára, ìkejì tẹ̀ kọdọrọ. Mo rọra dá àwọn méjèèjì padà sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹni tó ni wọ́n tó dé. Mo wá da omi gbígbóná sínú ibi tí a ti ń wẹ̀, mo kó táyà sí i kó lè dẹ̀. Ìyàwó mi yọjú.

“Bàbá Tómi, ṣé kí n máa lọ ata bọ̀?”

Mi ò dá a lóhùn.

Ìlú Dayton yìí náà ni Wilbur àti Orville Wright ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní 1892. Nígbà tó di 1903, wọ́n ti fi bàálù fò. Àwọn èèyàn ní ọgbọ́n orí ló jẹ́ kí wọ́n fò. Èmi ò jiyàn, àmọ́ ẹni tó bá ti bá táyà ríìmù onígi jìjàkadì rí á mọ̀ pé ojú ọ̀run ló kù tí wọ́n lè sá lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́ lù. Mo ti kun àtè náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Mo fi orúnkún méjèèjì há ríìmù, Ìyá Tómi fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, àwa méjèèjì jọ kì í mọ́lẹ̀. Gbọ̀ọ̀! Ó wọlé. Ibì kan wú díẹ̀ bíi pé oyin ta á, mo ní á fìdí jókòó tó bá di àárọ̀. Mo fẹ́ dìde kí n jó. Kẹ̀kẹ́ bá mi dìde. Àtè ti mú ṣòkòtò mi mọ́ ríìmù, ó sì kó irun ẹsẹ̀ mọ́ ọn níbi tí ṣòkòtò ti ya. Ìyá Tómi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó rántí sípírítì.

Láàárọ̀, mo pe bàbá mi lórí fídíò. Ṣé mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi yangàn.

“Àkànní, igi kí lèyí? Ṣé ọmọlàńkẹ́ lo rà ni?”

Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Bàbá fa fóònù mọ́jú títí ó fi ku imú nìkan tí mò ń rí.

“Yí i.” Mo yí i. “Yí i sí i.” Mo tún yí i.

“Àkànní, ibo lẹ fẹ́ gbà fẹ́ ẹ?”

Mo wo ihò fáàfù lára igi. Ihò ń wò mí. Òdìkejì pátápátá ni fáàfù wà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ táyà, níbi tí mo ní oyin ta yẹn.

Sípírítì ìgò méjì àti odindi ọjọ́ Sátidé ló gbà kí n tó yọ ọ́. Ní báyìí, bí mo bá pe ilé, Bàbá kì í kọ́kọ́ béèrè àwọn ọmọ mọ́. “Ọmọlàńkẹ́ ńkọ́?” ni mo máa ń gbọ́. Bí mo bá ní ó wà dáadáa, á ní, “Ẹ ti rí ẹnu rẹ̀?” Ẹnì kan á sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.