Káún ò tó: ohun tí ọmọ màlúù mẹ́sàn-án kọ́ mi ní Iléṣà

Ọmọ òṣómàáló ni mí. Bí ẹ bá fi owó lé mi lọ́wọ́, màá ti mọ èrè tí yóò pa kí n tó délé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní oṣù Kejìlá 2021, tí mo ra ọmọ màlúù mẹ́sàn-án lókè Ọya, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Mo fẹ́ sìn wọ́n nínú oko wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà títí wọn yóò fi tó tà fún Iléyá. Gbogbo ìṣirò mi pé. Ọ̀nà nìkan ni mi ò ṣírò mọ́ ọn.

Òru méjì ni wọ́n lò nínú ọkọ̀, nínú ọyẹ́, láìjẹ, láìmu. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ikùn wọn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe: mo da àgbàdo lílọ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú wọn, mo so òkúta iyọ̀ pupa tí wọ́n po mínírà mọ́, èyí tí ẹran máa ń lá, mọ́ òpó, mo ju káún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n tẹ àwọn akọ lọ́dàá, kí ìrora lè parí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá rántí, ojú máa ń tì mí.

Ọjọ́ kẹfà ni àkọ́kọ́ wúkọ́. Etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, mẹ́ta ti kú.

Dókítà ẹran tí mo pè, ọmọbìnrin tó kéré sí àkọ́bí mi, òkúta iyọ̀ ló kọ́kọ́ lọ wò. Ó fọwọ́ pa á. "Dádì, ẹ wá wò ó, igun rẹ̀ ṣì mú. Wọn ò tiẹ̀ lá a."

Mo ní, káún ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Káún tí Mọ́mì fi ń se ewédú? Kò sí mínírà bíi síǹkì tàbí bàbà (copper) gidi kan níbẹ̀, sà."

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ ẹran tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n tún há mọ́ inú ọkọ̀, ara rẹ̀ máa ń da síǹkì àti bàbà nù sínú ìtọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni kì í sì í jẹun dáadáa. Ó ń ná, kò sí owó tó ń wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rèé, bí ẹni ń fi iná jó kòkòrò ni wọ́n ṣe ń jà. Bàbà, síǹkì àti mínírà méjì mìíràn, manganese àti selenium, ni ara fi ń ṣe ohun tó ń pa iná náà kó má baà jó onílé. Kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ yìí, imú màlúù ló sábà máa ń gbé tẹ́lẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá rẹ ẹran tán ló ń rí ààyè wọlé. Ó fi ọ̀kan pupa hàn mí tí irun tó yí ojú rẹ̀ ká ti ṣì, àfi bí ẹni wọ gíláàsì. Ó ní àìtó bàbà máa ń fa irú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti jẹ gbèsè kó tó wọkọ̀.

Ní 2023, mo ra méje. Omi tó mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà koríko gbígbẹ, ìsinmi, ibòòji. Mi ò dúró de òkúta iyọ̀ mọ́, nítorí ẹran tí kò jẹun kò níí lá òkúta. Ìwọ̀nba oúnjẹ tó dùn lẹ́nu wọn ni mo po mínírà mọ́. Dókítà fi okùn wọn àyà wọn kó tó mọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ mínírà tí yóò gún fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí selenium tó bá pọ̀ díẹ̀ jù ń pa ẹran. Ìtẹ̀lọ́dàá di ẹ̀yìn oṣù kan. Ọ̀kan ṣì wúkọ́. Mínírà kọ́ ló wò ó sàn, oògùn apakòkòrò ni, torí a tètè rí i. Lọ́jọ́ kẹjọ mo fọwọ́ pa òkúta iyọ̀, igun rẹ̀ ti ń kú.

Mi ò pàdánù ìkankan nínú màlúù. Àgùntàn ni mo pàdánù. Mínírà màlúù tó ṣẹ́kù ni mo ń bù fún àgùntàn ìyàwó mi, kó má baà ṣòfò. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn kì í lè da bàbà nù bíi ti màlúù. Ńṣe ló ń tò ó jọ. Lọ́jọ́ kan ṣá, funfun ojú ẹran di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi zóbò, ó kú lọ́jọ́ kejì. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi náà, ọmọ òṣómàáló ni. Ó ti lóṣòó tì mí.